Olè Tí Kò Jí Nǹkan Kan

Kí òǹwòran tó fìdí balẹ̀ nínú fíìmù Dog Day Afternoon, olè tí àwọn mẹ́ta kan wá jà ní báńkì ti dàrú. Ìbọn tí Sonny, olórí wọn, dì sínú páálí òdòdó há nígbà tó fẹ́ yọ ọ́. Àyà ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta já, ó ní òun ń lọ sílé. Nígbà tí wọ́n ṣí séèfù, owó tó kù níbẹ̀ fi díẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan dọ́là. Kò pẹ́, ọlọ́pàá yí báńkì ká, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn olè.

Sidney Lumet tó darí fíìmù yìí ní 1975 mọ̀ọ́mọ̀ tètè parí olè jíjà ni, kó lè ráyè wo èèyàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ní Brooklyn lóṣù kẹjọ ọdún 1972 ló gbé e kà. Yàtọ̀ sí orin kan níbẹ̀rẹ̀, kò fi orin kankan sọ fún wa pé ó ti yẹ ká bẹ̀rù.

Leon, olólùfẹ́ rẹ̀, ni Sonny torí ẹ̀ wá jalè. Wọ́n bí Leon lọ́kùnrin, obìnrin ló sì gbà pé òun jẹ́. Owó iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ni Sonny ń wá. Nígbà tí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, Lumet kò kán wọn lójú. Ọ̀rọ̀ ń já, ó ń so, ìfẹ́ ń bẹ níbẹ̀, ó sì ti sú wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó kan Angie, ìyá àwọn ọmọ Sonny, tí kò jẹ́ kó rí ẹnu fọhùn. Ojú Al Pacino, tó ṣe Sonny, ń rẹ̀ níwájú wa títí tó fi gbé fóònù sílẹ̀. Ìbọn kankan kò dún, síbẹ̀ mi ò rí ibi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù náà.

Sal, tí John Cazale ṣe, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Sonny bi í pé orílẹ̀-èdè wo ló fẹ́ sá lọ, ó ní Wyoming. Ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ ni Wyoming! Èèyàn á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Cazale kò rẹ́rìn-ín. Ojú ẹni tó ti rò ó dáadáa ló fi sọ ọ́. Sylvia, ọ̀gá àwọn kaṣíà, dé ẹnu ọ̀nà, ó lè bá ọlọ́pàá lọ, ó padà wọlé nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, obìnrin kan nínú wọn fún Sal ní rósárì torí pé kò wọ bàálù rí.

Ní pápákọ̀ òfuurufú Kennedy, níbi tí wọ́n ti fẹ́ wọ bàálù sá lọ, ni FBI ti yìnbọn pa Sal. Fíìmù márùn-ún péré ni Cazale ṣe kó tó kú ní 1978. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí òṣèré lè fi ojú lásán ṣe, kó wá èyí wò.