Caveat: Ìkìlọ̀ ni àbí Ìṣọ́ra?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí; bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ọ̀rọ̀ Látìn kan wà tí ó bá òwe yìí mu. Òun ni caveat, tí àwọn onílé máa ń kọ sára ògiri pẹ̀lú emptor, láti fi hàn pé ilé wọn kò wà fún títà. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ rẹ̀, 'ìkìlọ̀' ni ọ̀pọ̀ ń kọ, àwọn olùyẹ̀wò mìíràn a sì gbà á wọlé. Ní èrò tiwa, ìtumọ̀ yìí kò péye.

Ẹ jẹ́ kí a wo orírun rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe Látìn méjì ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Èkíní ni monere, èyí tí ó túmọ̀ sí kìlọ̀ tàbí rán létí. Inú rẹ̀ ni monitor, orúkọ tí a fi ń pe olórí kíláàsì, ti jáde. Èkejì ni cavere, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ṣọ́ra. Inú cavere ni caveat ti wá. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ni olùwà fún kìlọ̀. Ẹni tí ewu lè bá ni olùwà fún ṣọ́ra, nítorí ara rẹ̀ ni yóò ṣọ́.

Ní èdè Látìn, caveat kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ. Odindi gbólóhùn ni. Ìparí rẹ̀, -at, ni ó fi hàn pé ohun tí a fẹ́ kí ẹnì kẹta ṣe ni a ń sọ. Ní Yorùbá, 'kí' ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí: kí ó ṣọ́ra. Ní Pompeii, ìlú tí eérú òkè Vesuvius bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Kristi, àwòrán ajá kan wà ní ẹnu ọ̀nà ilé, tí wọ́n kọ cave canem sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Cave ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ní tààrà: 'Ṣọ́ra fún ajá.' Caveat emptor ní tirẹ̀ ni: 'Kí olùrà ṣọ́ra.'

Bí a bá kọ 'ìkìlọ̀' lásán, a kò sọ ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀. Ìlànà òfin Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń jẹ́ orúkọ yìí gbé e lé olùrà lórí pé kí ó yẹ ọjà wò kí ó tó sanwó. Òfin títà ọjà ti ọdún 1893 dín agbára ìlànà náà kù lórí ọjà, ṣùgbọ́n òfin náà kò kan ilẹ̀. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ni ín lè pàdánù ilẹ̀ àti owó.

Àwọn kan lè ní ààlè ni ó yẹ kí a pè é. Èrò yìí ní láárí, nítorí ìkarahun ìgbín tàbí àkísà tí a so mọ́ nǹkan ń sọ̀rọ̀ nígbà tí olóhun kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n olè ni ààlè ń bá sọ̀rọ̀. Caveat emptor ń bá olùrà tí kò jẹ̀bi sọ̀rọ̀. Caveat ti ilé-ẹjọ́ ni ó sún mọ́ ààlè: bí ẹnì kan bá fi í sílẹ̀ lórí ogún olóògbé, wọn kò ní fún ẹlòmíràn ní ìwé àṣẹ láti pín in láìgbọ́ ti ẹnu rẹ̀.

Nítorí náà, kí olùyẹ̀wò wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti jẹ yọ. Bí ó bá jẹ́ ti ara ògiri, 'kí olùrà ṣọ́ra' ni ó yẹ kí ó gba máàkì pé. Bí ó bá jẹ́ ti kóòtù, 'ìwé ìdádúró' bá a mu. Akẹ́kọ̀ọ́ òní ni yóò ra ilẹ̀ lọ́la; ó yẹ kí ó ti mọ̀ láti kíláàsì pé òun gan-an ni ọ̀rọ̀ ara ògiri náà ń bá wí.