Bí Iná Bá Lọ Lẹ́nu Update

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn tó kọ̀ǹpútà Linux tí update rẹ̀ kò parí. Ẹni tó bá ń gbé nílùú wa mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Bátìrì ti gbó, iná nìkan ni ẹ̀rọ náà gbójú lé, ẹni tó ni ín sì ti ní kó gba update; kí iṣẹ́ tó parí, wọ́n mú iná. Nígbà tí iná bá dé, ẹ̀rọ á tàn, ṣùgbọ́n kò ní wọlé. Ọ̀rọ̀ kan á jókòó sójú rẹ̀ tó ń dẹ́rù ba ènìyàn: “Kernel panic - not syncing: VFS: Unable to mount root fs on unknown-block(0,0)”.

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, torí òótọ́ pọ́ńbélé ló ń sọ. Kernel, ọkàn ètò ẹ̀rọ náà, ti jí. Ohun tí kò rí ni initramfs, fáìlì tó kó àwọn irinṣẹ́ tí yóò fi rí dísìkì. Ó lè jẹ́ pé iná lọ kí fáìlì náà tó délẹ̀ tán, ó sì lè jẹ́ pé àwọn kernel àtijọ́ ti kún /boot débi pé kò sáyè fún tuntun.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ kò le. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ń tàn, mo máa ń tẹ Esc, tàbí Shift lára ẹ̀rọ àtijọ́, kí GRUB, ètò tó ń yan kernel tí ẹ̀rọ yóò fi tàn, lè yọjú. N ó wọ “Advanced options”, n ó mú kernel tó ṣáájú. Debian, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ lọ́dún 1993, àti Ubuntu tó ti ara rẹ̀ jáde lọ́dún 2004, kì í yọ kernel tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ dànù torí pé tuntun dé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ti sunkún lé lórí ló ń tibẹ̀ wọlé.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni dpkg, ètò tó ń kó package wọ inú ẹ̀rọ. Ìpele méjì ni iṣẹ́ rẹ̀: á kọ́kọ́ tú àwọn fáìlì sí àyè wọn, lẹ́yìn náà á ṣètò wọn kí wọ́n lè ṣiṣẹ́. Bí iná bá lọ láàárín méjèèjì, package náà dà bí aṣọ tí aránṣọ ti gé tí kò tíì rán: aṣọ kò sọnù, rírán ló kù. Gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ ló sì ń kọ sílẹ̀. Nínú /var/lib/dpkg/status, ẹ ó rí package tó dúró sí “unpacked” àti èyí tó dúró sí “half-configured”. Nínú /var/log/dpkg.log, ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ àti aago tirẹ̀. Mo lè fi ìka tọ́ka sí ìlà tó kẹ́yìn kí n sọ fún oníbàárà pé, “Mà, nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ niná lọ ládùúgbò yín,” á sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà mìíràn, fáìlì status fúnra rẹ̀ á ti bàjẹ́. Status-old wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ẹ̀dà mìíràn sì wà ní /var/backups. Àwọn tó ro èyí sílẹ̀ dè wá, mo kí wọn láàárọ̀, mo kí wọn lálẹ́.

Lẹ́yìn tí mo bá ka àkọsílẹ̀ dpkg tán, àṣẹ kan ló sábà máa ń kù: dpkg --configure -a. Á sì bá iṣẹ́ lọ láti ibi tó bá a dé.

Bí kernel àtijọ́ náà bá kọ̀, mo ní fláàṣì tí mo kó Ubuntu sí. Òun ni n ó fi tan ẹ̀rọ. N ó fi e2fsck yẹ dísìkì wò kí n tó so ó mọ́ /mnt, torí ẹni tó bá ń tún dísìkì ṣe lẹ́yìn tó ti so ó tán lè ba fáìlì jẹ́. Bí /boot bá dá wà lọ́tọ̀, n ó so òun náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ initramfs tuntun tí mo fẹ́ ṣe á bọ́ síbi tí GRUB kò ní wò. N ó so /dev, /proc àti /sys, n ó wá tẹ chroot /mnt. Chroot ti wà nínú Unix láti 1979, ó dàgbà ju Linux tí Linus Torvalds kéde ní 1991 lọ, síbẹ̀ n kò tíì rí ohun tó lè gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Orí fláàṣì ni ẹ̀rọ ti jí, ṣùgbọ́n inú dísìkì oníbàárà ni gbogbo àṣẹ tí mo bá tẹ̀ ń bọ́ sí. Bó bá jẹ́ dísìkì tí wọ́n fi LUKS tì, oníbàárà ni mo ń pè kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà. Kò yẹ kí n mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa máa ń sọ pé, “Ẹ jẹ́ ká fọ́ọ́màtì ẹ̀, ó yá jù.” N kò fara mọ́ ọn rárá. Inú /home ni fọ́tò àti iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn wà, update package kì í débẹ̀. Fọ́ọ́màtì ló ń débẹ̀. Dísìkì tó ń kú lọ nìkan ni mo máa ń yà sọ́tọ̀: n ó fi ddrescue ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ná, kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bátìrì yín kún kí ẹ tó gba update, kí ẹ sì fi df -h /boot wò ó bóyá àyè ṣì wà. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ tán, tí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò tún un ṣe, ẹ bi í léèrè ohun tó rí nínú dpkg.log. Bí kò bá tíì kà á, ẹ má gbà kó fọ́ọ́màtì dísìkì yín.