Àbùkù Mẹ́ta Nínú Gbólóhùn Kan Lórí Kábéèjì àti Jẹjẹrẹ

Gbólóhùn kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn: "Kábéèjì ń pa kòkòrò jẹjẹrẹ." Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni, ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú wọn ló ní àbùkù. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì.

Òótọ́ díẹ̀ wà nídìí rẹ̀ o. Ìdílé kan náà ni kábéèjì, broccoli àti kale. Òdòdó wọn ní ewé mẹ́rin tó ṣe bí àgbélébùú, ohun tí àwọn òyìnbó fi sọ wọ́n lórúkọ nìyẹn. Bí ọ̀bẹ bá gé wọn tàbí eyín rún wọn, èròjà tó ń jẹ́ glucosinolate yóò pàdé ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ myrosinase, èròjà tuntun yóò sì jáde. Lọ́dún 1992, Paul Talalay àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins, Amẹ́ríkà, yọ ọ̀kan nínú irú rẹ̀, sulforaphane, jáde lára broccoli. Wọ́n rí i pé ó ń jí àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń bá ara tú májèlé dànù.

Ó wá ku àbùkù mẹ́ta náà.

Àkọ́kọ́ ni "kòkòrò." Kòkòrò ibà ti ìta wọlé, oògùn sì ń pa á. Lóòótọ́, àwọn kòkòrò kan lè dá jẹjẹrẹ sílẹ̀, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlejò. Sẹ́ẹ̀lì ara wa ni, tó kọ̀ tí kò gbọ́ràn mọ́, tó ń pín ara rẹ̀ láìdúró. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti pa á láìpa ọmọ ìyá rẹ̀.

Èkejì ni "pa." Nínú àwo yàrá ìwádìí, bí sulforaphane bá pọ̀ tó, ó ń dí ìdàgbàsókè sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lọ́wọ́, ó sì ń mú kí àwọn kan pa ara wọn. Sẹ́ẹ̀lì inú àwo nìyẹn, kì í ṣe àìsàn lára ènìyàn.

Ẹ̀kẹta ni "ń," tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí fún gbogbo ẹni tó bá jẹ ẹ́. Lọ́dún 2019, Pier Paolo Pandolfi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston fi indole-3-carbinol, èròjà mìíràn láti ara ìdílé yìí, tọ́jú àwọn eku, kókó jẹjẹrẹ wọn sì dín kù. Pandolfi fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé pé kí ènìyàn tó rí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, yóò máa jẹ nǹkan bíi kílò 2.7 Brussels sprouts lójúmọ́, ní tútù. Ikùn ta ni yóò gba ìyẹn?

Ẹlòmíràn á ní, "Prof, ká ṣáà fi 'lè' sí i." Ẹ rọra o! "Lè" méjì la ní. "Adé lè gun ọ̀pẹ": agbára ni. "Òjò lè rọ̀ lónìí": bóyá ni. Bóyá ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wí. Agbára ni ẹni tí àìsàn ń dà láàmú máa gbọ́. Èmi á kúkú kọ ọ́ báyìí: "Ó ṣeé ṣe kí èròjà inú kábéèjì wúlò fún dídènà jẹjẹrẹ, wọ́n ṣì ń wádìí rẹ̀ lára ènìyàn." Ó gùn, kò dùn lẹ́nu tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró sílé.

Torí ibẹ̀ lewu wà. Ẹni tó gba gbólóhùn àkọ́kọ́ gbọ́ lè máa ra kábéèjì fún oṣù mẹ́ta kí kókó ọyàn rẹ̀ máa tóbi sí i. Ẹ jẹ kábéèjì yín, ó ń ṣara lóore. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ba kókó lára, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó ya ọjà.