Ọkọ̀ Àtijọ́ Nínú Sinimá Wa: Ta Ni Ó Ni Ín?

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń wí. Lóde òní, sinimá ni àrọ́bá tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa bá. Nítorí náà, nígbà tí olùdarí sinimá kan bá sọ fún wa pé ọdún 1960 ni a wà, tí ó sì jẹ́ kí ọkọ̀ kan kọjá lójú wa, ó yẹ kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ǹjẹ́ irú ọkọ̀ yìí ti jáde nígbà náà? Apá ọ̀nà wo ni ó ń tọ̀? Ta ni ó ni ín? Ìbéèrè kẹta yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ, òun sì ni àwọn tí ń ṣe lámèyítọ́ sinimá kì í sábà béèrè.

Ìbéèrè kìíní kò le fún ẹni tí ó bá fara balẹ̀. Peugeot 504 tí tọmọdé tàgbà mọ̀, ọdún 1968 ni ó jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná. Bí a bá rí i nínú ìran ayẹyẹ òmìnira, àlejò tí ó dé ṣáájú ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni. Ti Volkswagen tí à ń pè ní ìjàpá gba sùúrù díẹ̀, nítorí pé ìrísí rẹ̀ kò yí padà púpọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ wò. Gíláàsì ẹ̀yìn àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde pín sí méjì. Láti 1953 títí di 1957 ó rí bí ẹyin. Lẹ́yìn náà ni ó fẹ̀, tí ó sì ní igun mẹ́rin. Nọ́ńbà ọkọ̀ pẹ̀lú a máa tú àṣírí: irú èyí tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó mú wá ní 1992 kò lè wà lára ọkọ̀ ìgbà ogun abẹ́lé.

Ìbéèrè kejì ni ó máa ń ya àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu. Títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni gbogbo ọkọ̀ ń tọ̀ ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wa. Ẹni tí ó bá dúró ní Òṣòdì, níbi tí ọ̀nà Agége àti ọ̀nà Apápá ti pàdé, kí ó gbìyànjú láti fi ojú inú yí gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyẹn sí òdìkejì. Ìgbà náà ni yóò mọ iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn ẹni tí ó fẹ́ ya ìran 1960.

Ìgbà náà ni a ó kan ìbéèrè kẹta. Ọkọ̀ wo ni ó kù láti yá? Ọkọ̀ olówó ni. Ẹni tí ó ní gáréèjì ni ó lè tọ́jú ọkọ̀ fún ogójì ọdún. Ọkọ̀ mẹ̀kúnnù a máa ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú; bí ó bá sì kú, a tú u palẹ̀ fún àwọn oníspéapáàtì, bí a ti ń ṣe ní Ládìpọ̀ tí kò jìnnà sí Òṣòdì àti Ìṣọlọ̀. Bọ́lẹ̀-kájà, pátákó ni a fi kan ara rẹ̀; pátákó sì ti jẹrà. Mọ́lùè, tí a kan lé orí ẹsẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes-Benz 911, di irin àlòkù. Ṣùgbọ́n Mercedes-Benz tí wọ́n pa Murtala Muhammed sí ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976, a tọ́jú rẹ̀ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ni ó tọ́jú ọkọ̀ ìyá aláta? Èyí ni ó fi jẹ́ pé nínú sinimá ìgbà àtijọ́, gbogbo ọkọ̀ ń dán, kò sí eruku, kò sí ibi tí ó kún. Ọmọ tí ó bá wò ó yóò rò pé olówó ni gbogbo baba wa.

Ẹ jẹ́ kí a fi baba àti ọmọ ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1983, Adéyẹmí Afọláyan, tí a mọ̀ sí Ade Love, gbé *Taxi Driver* jáde. Kò wá ọkọ̀ àtijọ́ kankan. Ọkọ̀ ìgbà tirẹ̀ ni ó yà, tòun ti ẹ̀gbin àti àbùkù rẹ̀. Ní 2021, Kúnlé Afọláyan ọmọ rẹ̀ gbé *Swallow* jáde, ìtàn Èkó ní àwọn ọdún 1980 kan náà. Ohun tí baba rí he lójú títì, ọmọ ní láti fi owó wá a. Ti baba ni ẹ̀rí. Ti ọmọ ni ìròyìn. Ọmọ náà kò sì ṣàìgbọ́n: nígbà tí ó ṣe *October 1* ní 2014, ìlú kékeré kan tí ó pè ní Akote ni ó fi ìtàn sí. Ìlú kékeré ní 1960 kò nílò ọkọ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ díẹ̀ tí ó bá ìgbà mu sàn ju ọ̀pọ̀ tí ń purọ́ lọ.

Àwọn kan yóò ní ìtàn ni kí a wò, kí a fi ọkọ̀ sílẹ̀. Wọ́n á ní alárìnjó kò lo ọkọ̀ rárá, ó sì dùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n alárìnjó kò sọ fún wa pé ohun tí ojú rí ni òun ń fi hàn. Eégún ni, a sì mọ̀ ọ́n sí eégún. Sinimá ní kí a gba ojú wa gbọ́. Ẹni tí ó bá bẹ̀ wá bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ da ojú náà.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan wà fún ẹgbẹ́ wa. Púpọ̀ nínú àwọn sinimá Yorùbá tí a ṣe ní 1976 sí 1990 kò sí ní àrọ́wọ́tó mọ́. Kí a wá èyí tí ó kù, kí a wò ó bí ìwé ìtàn, kí a kọ orúkọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kí a sì tọ àwọn àgbà mẹ́káníìkì àti awakọ̀ Òṣòdì àti Ìṣọlọ̀ lọ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, nítorí pé wọ́n mọ ẹni tí ó wọ ọkọ̀, iye tí ó san, àti ìdí tí ó fi sọ̀kalẹ̀. Ìyẹn kò sí nínú gáréèjì olówó kankan.