Ta Ni Ó Di Ọ̀bẹ Mú? Ìmọ̀ràn Láàrin Obìnrin Òǹkọ̀wé àti Ìwé Miriam Tlali

Níbi tí àwọn obìnrin òǹkọ̀wé bá ti péjọ, ìmọ̀ràn kì í wọ́n. Máa kọ ọ́ lójoojúmọ́. Má jẹ́ kí ó sú ọ. Wá ẹni tí yóò bá ọ kà á. Ìmọ̀ràn gidi ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí a kì í sábà gbọ́, òun ni ó sì kan iṣẹ́ àwa olùkọ́ èdè jù: kí òǹkọ̀wé mọ ẹni tí ó di ọ̀bẹ mú lórí iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì tọ́jú odindi ẹ̀dà tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kí ọ̀bẹ náà tó kàn án. Ohun tí ojú ìwé kan tí Miriam Tlali kọ rí ni a ó fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

Doornfontein, àdúgbò kan ní Johannesburg, ni wọ́n ti bí Tlali ní ọdún 1933. Inú àgbàlá ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ń gbé níbẹ̀ nígbà náà, àwọn obìnrin a sì máa pọn ọtí tà kí owó ilé lè tó ná. Ní ọdún 1933 yìí kan náà ni Ellen Hellmann, obìnrin aláwọ̀ funfun láti Yunifásítì Witwatersrand, ń ṣe ìwádìí nínú ọ̀kan lára àwọn àgbàlá wọ̀nyí tí a ń pè ní Rooiyard. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1948, iṣẹ́ ńlá sì ni. Modikwe Dikobe náà fi Doornfontein ṣe ibùdó ìtàn nínú *The Marabi Dance* ní 1973. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, ẹlòmíràn ni ó ń bá obìnrin àgbàlá sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí I. B. Thomas ń gbé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn *Akéde Èkó* ní 1929 sí 1930, lẹ́tà obìnrin kan tí ayé ti yí lórí, tí ó wá ń gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn, ni ó pè é. Ọkùnrin ni ó di kálàmù mú. Ohùn obìnrin kún inú lítíréṣọ̀ Yorùbá fọ́fọ́. Orúkọ obìnrin lára èèpo ìwé ni kò pọ̀.

Tlali lọ sí Yunifásítì Witwatersrand, òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà sì lé e kúrò níbẹ̀. Ó lọ sí Roma ní Lesotho, owó tán, ó sì padà wá ṣe akọ̀wé ní ilé ìtajà kan. Láti inú iṣẹ́ yìí ni ó ti rí ìtàn rẹ̀, tí ó kọ ní ìparí àwọn ọdún 1960. *Between Two Worlds* ni ó pe ìwé náà. Ọdún 1975 ni Ravan Press tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n gé àwọn apá kan kúrò, wọ́n sì sọ ọ́ ní *Muriel at Metropolitan*. Bí ó ti rí yẹn náà, òun ni ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ọwọ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú tí a tẹ̀ nínú ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Longman tún un tẹ̀ ní 1979. Ìjọba fòfin dè é. Ó di 2004 kí Broadview Press ní Kánádà tó tẹ odindi rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ìwé náà fi jẹ́ orúkọ olórúkọ.

Orúkọ kì í ṣe ohun kékeré nínú ìtumọ̀. *Muriel at Metropolitan* ń tọ́ka sí òṣìṣẹ́ kan àti ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Òǹkàwé yóò máa retí ìròyìn ibi iṣẹ́. *Between Two Worlds* ń tọ́ka sí ipò ẹni tí ó wà láàrin ayé méjì tí kò sí èyí tí ó gbà á tán. Àwọn lámèyítọ́ kan wí pé ìròyìn ni ìwé Tlali jọ, pé iṣẹ́ ọnà inú rẹ̀ kò tó. Kí a tó fọwọ́ sí ìdájọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a bèèrè pé èwo nínú ìwé méjèèjì ni wọ́n kà.

Ní tiwa, ìṣọwọ́lo-èdè ni agbára ìwé náà. Àwọn aláwọ̀ dúdú ń ra rédíò àti àga ní àwìn, wọ́n ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Muriel sì ni ó gbọ́dọ̀ bèèrè ìwé ìdánimọ̀ tí ìjọba fi ń ṣọ́ ìrìn wọn. Àgbàlagbà ọkùnrin ni wọ́n ń pè ní ‘boy’. Yorùbá tí ó mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ‘o’ àti ‘ẹ’ kò nílò alálàyé níbí yìí. Ara rẹ̀ yóò bù máṣọ. Muriel, tí ó ti ń bá ọ̀gá tẹ ìwé, ni ó wá jókòó nígbẹ̀yìn láti kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tirẹ̀. Òtítọ́ ni pé ìjíròrò inú ìwé náà a máa di ìwàásù nígbà mìíràn, odindi ẹ̀dà kò sì wo àléébù yìí sàn. Síbẹ̀, àléébù òǹkọ̀wé ni, kì í ṣe ti ọ̀bẹ.

Ohun tí Tlali ṣe lẹ́yìn èyí ni ó jẹ́ ìmọ̀ràn gidi. Nígbà tí ìwé àtìgbàdégbà *Staffrider* bẹ̀rẹ̀ ní 1978, ó ní ojú ewé tirẹ̀ níbẹ̀, “Soweto Speaking”, níbi tí ó ti ń jókòó ti aránṣọ àti àwọn ará àdúgbò mìíràn, tí ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́. Ní 1984, Skotaville, ilé ìtẹ̀wé tí ó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú, ni ó gbé *Mihloti* fún. ‘Omijé’ ni orúkọ náà túmọ̀ sí ní èdè Tsonga. Ní 1988, Seriti sa Sechaba, ilé ìtẹ̀wé tí Dinah Lefakane dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ àwọn obìnrin, tẹ àkójọ *Women in South Africa: From the Heart*. Ní ọdún yẹn kan náà ni àpérò lórí obìnrin àti ìwé kíkọ wáyé, tí a sọ ní *Buang Basadi, Khulumani Makhosikazi*: ẹ sọ̀rọ̀, ẹ̀yin obìnrin. Flora Nwapa ti ṣe irú èyí ní Enugu nígbà tí ó dá Tana Press sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970.

Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ àwa náà o. Olóòtú tí ó bá gba ìwé obìnrin Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú, tí ó sì fọ gbogbo ẹ̀ka-èdè inú rẹ̀ dànù títí ó fi di Yorùbá àjùmọ̀lò geere, ó ti gé orí ìwé kúrò láìmọ̀. Sípẹ́lì ni kí ó tún ṣe. Kí ó bi obìnrin náà nípa ìyókù. Ní kíláàsì, ẹ̀dà 2004 ni kí a fi kọ́ni, kí a gbé ti 1975 tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí ibi tí ọ̀bẹ ti kọjá.