Ìmọrírì fún Ọwọ́ Tó Ń Ṣe Wàrà

Nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹnu ń jẹ àǹfààní rẹ̀ ní Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, n kò rí èyí tí ó yẹ kí a kan sáárá sí ju ti àwọn ìyá Fúlàní tí ń ṣe wàrà tí ọlọ́jà Gbági ń rà jẹ. Nítorí ewé bọmubọmu tí wọ́n fi ń mú un dì, olóró ni. Oje funfun rẹ̀ lè ba ojú jẹ́; ẹran ọ̀sìn tí ó bá jẹ ẹ́ lájẹjù, ọkàn rẹ̀ lè dákẹ́, torí oró inú rẹ̀ bá ti òdòdó digitalis tan, èyí tí oníṣègùn William Withering kọ ìwé lé lórí ní 1785 pé ó wúlò fún ara wíwú.

Síbẹ̀, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ìyá gún ewé díẹ̀, ó sẹ́ omi rẹ̀ sínú mílíìkì màlúù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó rò ó jẹ́jẹ́, ó koná mọ́ ọn títí ó fi hó, tí ìṣù funfun ya kúrò lára omi, kí ó tó dà á sínú agbọ̀n kékeré kí ó ro. Bí ewé bá pọ̀ jù, wàrà a korò. Àwọn mìíràn ń lo oje ọsàn wẹ́wẹ́; n kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ti bọmubọmu ni mo ń rà.