Nọ́ńbà Àtijọ́ Lára Tuntun

Àwọn tó ń kó kámẹ́rà àtijọ́ jọ kì í fẹ́ràn Leica tó ti padà sí ilé-iṣẹ́ rí. Wọ́n á ní wọ́n ti bà á jẹ́. Ní tèmi tí mo ń fi àtúnṣe rẹ̀ jẹun, irú rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí lórí tábìlì.

Ọdún 1925 ni Leica àkọ́kọ́, èyí tí Oskar Barnack ṣe fún Ernst Leitz, dé ọjà láti ìlú Wetzlar ní Jámánì. Kò ní rangefinder nínú. Ayàwòrán á kàn fojú díwọ̀n bí nǹkan ṣe jìnnà tó ni. Leica II ti 1932 ló yanjú ìyẹn: bí o bá ṣe ń yí lẹ́ǹsì, àwòrán méjì á máa sún mọ́ra nínú ihò kékeré kan títí wọn ó fi di ọ̀kan. Leica III tẹ̀ lé e ní 1933 pẹ̀lú ìyára tó lọ́ra fún ṣọ́tà, ìyẹn ojú tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀; kókó ìyára náà wà níwájú. Nígbà tó di 1935, IIIa ti ń ṣí ojú rẹ̀ fún 1/1000 ìṣẹ́jú-àáyá péré. Kámẹ́rà wọ̀nyí wọ́n gan-an. Leitz kò wá sọ pé kí oníbàárà ju ti ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó ní kó dá a padà wá, kí àwọn sọ ọ́ di irú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Nígbà náà, ìdérí òkè lè di tuntun, ṣọ́tà lè di tuntun, kódà àgọ́ ara rẹ̀ lè di tuntun, àmọ́ wọn kì í fún un ní nọ́ńbà mìíràn. Èyí àtijọ́ ni wọ́n máa tún fín sára ìdérí tuntun. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà Leica II bẹ̀rẹ̀ láti 71200, ti Leica III láti 107601. Bí èyí tó wà lọ́wọ́ mi bá jẹ́ 40,000 àti díẹ̀, tó sì ní rangefinder lórí àti kókó ìyára lọ́ra níwájú, Leica I ni wọ́n bí i. Bákan náà ni ti fláàṣì. IIIf ti 1950 ló kọ́kọ́ gbé òǹkà fláàṣì sábẹ́ kókó ìyára, láti nọ́ńbà 525001 lọ. IIIc, tó ṣáájú rẹ̀, tó bá ní òǹkà yìí, ó ṣeé ṣe kó ti padà sọ́wọ́ Leitz.

Nọ́ńbà nìkan kò tó, nítorí ẹnikẹ́ni lè fín nọ́ńbà. Mo máa ń wo lẹ́ǹsì Elmar: àwọn tí wọ́n dè mọ́ Leica I láìṣeé yọ kò ní nọ́ńbà, nítorí náà bí mo bá rí Elmar aláìní-nọ́ńbà tó ń bá rangefinder ṣiṣẹ́, inú mi á dùn. Mo máa ń wọn gígùn ara rẹ̀ pẹ̀lú. Láti orí IIIc ti 1940 ni wọ́n ti ń da ara rẹ̀ lódindi, ó sì fi nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta gùn ju àwọn ti ìṣáájú lọ. Ìdérí òkè IIIc kò lè bá ara IIIa mu láéláé.

Àwọn ayédèrú ńkọ́? Kámẹ́rà FED tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Kharkiv ní 1934 àti Zorki ti Krasnogorsk ni wọ́n sábà máa ń kùn, tí wọ́n á fín orúkọ Leica sí, nígbà mìíràn pẹ̀lú wúrà yẹ̀rìyẹ̀rì tí kò jọ iṣẹ́ Leitz rárá. Yọ lẹ́ǹsì, kí o yọjú wo inú. Apá irin tó ń kan ẹ̀yìn lẹ́ǹsì ní kẹ̀kẹ́ róbótó kékeré lẹ́nu bó bá jẹ́ Leica. Ti FED àti Zorki sábà máa ń jẹ́ ahọ́n irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ìyẹn ló máa ń tú wọn fó.

Ẹnìkan á bi mí pé bí kò bá ṣẹ́ ku nǹkan kan lára kámẹ́rà 1928 kan ju nọ́ńbà lọ, ṣé kámẹ́rà kan náà ni? Leitz dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fara mọ́ wọn. Àwọn tó kọ́ ọ ló tún un kọ́, wọn ò sì fi ọjọ́ orí rẹ̀ pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi Leica yàwòrán, tí kì í ṣe pé ó fẹ́ tì í mọ́ inú gíláàsì, èyí tó ti padà sílé yìí ni mo máa ń ní kó rà. Kó kàn ya owó aṣọ ṣọ́tà sọ́tọ̀, nítorí aṣọ yẹn á ti gbó.